Ìwádìí Tí A Lọ Ṣe ní Kuala Lumpur

Láti ọjọ́ tí a ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi ní Rye Lane ní Peckham níbí tí kò bi mí pé, "Alhaji, báwo ni ibẹ̀ yẹn ṣe rí?" Mo máa ń dáhùn pé ibẹ̀ dára, ó gbóná, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ. Ìdáhùn ẹni tó fẹ́ tètè rélé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni pé mo wọ ṣòkòtò péńpé káàkiri ìlú onílùú. Mo ti mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ kiri. Ó kúkú yá, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Ràfíátù, tí gbogbo yín mọ̀ sí Rafi. Peckham níbí la bí i sí, níbí náà ló ti kàwé tó fi di nọ́ọ̀sì. Lọ́dún tó kọjá, ó mú ọmọkùnrin kan wálé, Hafiz, ọmọ Malaysia tó wá kàwé ní London. Ọmọ náà tẹrí ba, ó gba ọwọ́ mi, ó sì fi kan iwájú orí ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ pé Kuala Lumpur ni iṣẹ́ tó rí wà, ibẹ̀ ni yóò sì gbé ọmọ mi lọ.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò ní fọmọ fún ilé tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Nílé, kí á tó gba ọ̀rọ̀ ìdílé kan, a ó rán ẹni tó lójú tó létí lọ sí àdúgbò wọn. Yóò jókòó bí ẹni tó ń kọjá lọ, yóò sì máa bèèrè: ṣé kò sí àrùn burúkú nínú ilé yẹn, ṣé wọn kì í lu ìyàwó, ṣé wọn kì í jalè. Báyìí ni àwọn àna mi náà ṣe rán èèyàn wá sí ìlú wa ní Ìwó kí wọ́n tó fún mi ní ìyá Rafi.

Rafi ní, "Daddy, nobody ń ṣe gbogbo ìyẹn mọ́. It's not that deep."

Mo ní, "Kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní hospital, ṣé wọn ò wádìí rẹ títí dé ilé ìwé tí o lọ? Ṣé iṣẹ́ wá ṣe pàtàkì ju ilé ọkọ lọ ni?"

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò ní ẹnì kan tí mo lè rán lọ sí Malaysia. Mo wá pinnu pé èmi àti ìyá rẹ̀ la máa lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì sọ fún Rafi pé Turkey la ti fẹ́ lọ sinmi. Hafiz ti ròyìn fún wa rí pé ìyá òun ń ta oúnjẹ àárọ̀ ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Kampung Baru, lábẹ́ igi máńgòrò kan, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ìyẹn ti tó mi. A ó máa lọ jẹun níbẹ̀ bí oníbàárà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ wá.

Ìyàwó mi wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rafi, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ga tó ilẹ̀kùn, ilà mẹ́ta-mẹ́ta sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?"

Mi ò rí ohun tí ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ.

Ìlú tí ọkọ̀ kò ní dírẹ́bà

Bí a ṣe jáde síta ní pápákọ̀ òfurufú Kuala Lumpur, ooru ibẹ̀ gbá wa mọ́ra bí ìbátan tí a kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Rafi bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, eékún mi ò dùn mí mọ́." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, a kò tíì jọ rìnrìn àjò kankan láìjẹ́ pé ẹnìkan kú tàbí ẹnìkan bímọ. Mo wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí oòrùn, ojú tì mí díẹ̀ pé iṣẹ́ amí ni mo mú un wá ṣe.

Ìlú náà kún, ẹ gbà mí gbọ́. Alùpùpù ń gba àárín ọkọ̀ kọjá bí omi, ilé gogoro ń ti ara wọn lójú ọ̀run, èèyàn ń rọ́ gìrìgìrì wọnú ọjà tí wọ́n kọ́ sínú ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ ẹnìkan. Ọkọ̀ ojú irin wọn ń gba orí afárá kọjá láàárín ilé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní London, nítorí náà, mo rìn lọ síwájú ọkọ̀ náà láti kí dírẹ́bà. Kò sí dírẹ́bà. Gíláàsì lásán ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké méjì sì ń wo ojú irin láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Ta ni èèyàn máa wá sọ "thank you" fún tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀?

Ọkùnrin kan dìde fún mi nínú ọkọ̀ yẹn, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí a máa sọ̀ sí, kò nàka. Ó ká ìka rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò júwe ọ̀nà fún mi. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà ọ̀yájú ni kéèyàn nàka sí nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Tí wọ́n bá bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán, wọ́n á fi ọwọ́ yẹn kan àyà wọn. Àwọn obìnrin tí a kò mọ̀ rí ń kí Ìyá Rafi ní "Assalamu alaikum" láti òdì kejì ọ̀nà nítorí híjáàbù rẹ̀. Wọ́n ń wò wá o, mi ò purọ́, nítorí èèyàn dúdú kò pọ̀ ní apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ojú wọn bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tiwa, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, mo gbé ní Aylesbury Estate fún ọdún kan gbáko kí aládùúgbò mi tó kí mi.

Lọ́sàn-án, òjò dé lójijì. Gbogbo èèyàn sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà, a fara rọra bí ọmọ ìyá. Ọkùnrin kan tó ń ta èso tó lẹ́gùn-ún lára la ọ̀kan, ó sì fún wa lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Durian ni wọ́n ń pè é. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti fùfú tó ti kan, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e wọlé. Èmi kọ̀. Ìyá Rafi jẹ ẹyọ mẹ́ta, ó lá ọwọ́, ó ní fùfú tí wọ́n fi ṣúgà sí ni.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo múra iṣẹ́. Mo wọ ṣòkòtò péńpé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo dé fìlà olójú gbọọrọ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kampung Baru yà mí lẹ́nu. Ilé pákó ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, adìyẹ ń jẹ kiri, aṣọ ń gbẹ lórí okùn, ilé gogoro ìlú sì yí wọn ká bí ẹni tó ń yọjú wo inú ọgbà. Kíá la rí igi máńgòrò náà. Obìnrin kúkurú kan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tiwa lọ, ló ń bu oúnjẹ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti ẹ̀rọ. Makcik Zahara ni gbogbo èèyàn ń pè é. Makcik yẹn, bí ìgbà tí àwa ń pe ẹni tí kò bá wa tan ní Àǹtí ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fọ abọ́, kì í sọ̀rọ̀. Òun ló gbé omi wá fún wa, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn díẹ̀. Omi àgbọn ni wọ́n fi se ìrẹsì náà. Ata tó ní adùn díẹ̀ nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan, ẹja wẹ́wẹ́ tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, àti ìlàjì ẹyin síse. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n pọ́n ọn sí. Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń jẹun, mo bá ju ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Makcik Zahara rí mi, ó wá, ó sì fi odidi ẹyin kan lé e fún mi, ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan lé e.

Mo yọ ìwé pélébé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń fún àjèjì ní èènì."

Lẹ́yìn náà, ó jágbe mọ́ oníbàárà kan tó fẹ́ gba iwájú àwọn tó wà lórí ìlà. Mo kọ ìyẹn náà: "Ó gbóná lẹ́nu."

Ìyàwó mi yọjú wo ìwé náà. Ó ní, "Ẹ kọ tiyín náà sí i."

Nígbà tí a padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bi wá léèrè ibi tí a ti wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Mo ní, "Ghana." Ó mi orí, ó ní Ghana dára, Ghana dára. Ó wá kọjú sí ìkòkò rẹ̀, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ata ló tá a ní imú.

Bàbá télọ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó fún ìwádìí. Lọ́jọ́ kẹta yẹn náà, mo fi Ìyá Rafi sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, mo sọdá lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ránṣọ ní òdì kejì. Pakcik Din ni orúkọ wọn; Pakcik ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin, bí Makcik ṣe jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe wọn, gẹ̀ẹ́sì wọn já geere. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sórí ẹní, mo sì ní kí wọ́n bá mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kúrú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nípa obìnrin olóúnjẹ yẹn.

Wọn ò jẹ́ kí n làágùn rárá. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, wọ́n ní. Oúnjẹ yẹn ló fi tọ́ ọmọ méjì, àbúrò wà ní London. Kò sí àrùn nínú ilé wọn àfi ìtọ̀ ṣúgà tó ń yọ ìyá náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń ṣàìsàn ládùúgbò, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ. Inú mi ń dùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Pakcik Din wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Nǹkan kan kù. Ọmọ rẹ̀ àgbà, èyí tó ń fọ abọ́ yẹn, ọdún méjì ló lò lẹ́wọ̀n. Ó jí nǹkan níbi iṣẹ́ rẹ̀."

Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí àwọn àna mi rán èèyàn wá sí Ìwó wá wádìí mi, ẹ̀gbọ́n mi Lásísì wà lẹ́wọ̀n. Ó ń bá ẹnìkan tajà ní Ìbàdàn, ó kó ọjà ọ̀gá rẹ̀ tà, wọ́n sì mú un. Ìyá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé ládùúgbò wa, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé ẹni yòówù tó bá béèrè, kí wọ́n sọ pé Lásísì ń ṣòwò ní Kọ̀tọ́nù. Gbogbo wọn ló bá a bò ó. Alárinà wá, ó jẹun, ó padà lọ ròyìn wa ní rere. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Títí tí Lásísì fi kú, Bọ̀ọ̀dá Kọ̀tọ́nù ni ìyàwó mi ń pè é, mo sì ń jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò rò pé ìyẹn máa mú ọkàn mi rọ̀? Kò rọ̀ rárá. Ńṣe ni inú ń bí mi, bí ẹni pé ẹnìkan ṣí aṣọ lójú ọgbẹ́ mi. Mo sọdá padà, mo fa Ìyá Rafi kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀, mo sì sọ fún un lójú ọ̀nà pé, "Ó ti parí. Olè wà nínú ilé yẹn. Rafi ò lè fẹ́ ọmọ ibẹ̀."

Ó dúró sínú òjò. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Télọ̀ ni."

"Aládùúgbò wọn láti ọjọ́ pípẹ́ yẹn? Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ bi í?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ padà lọ bi í ìdí tó fi sọ ọ́."

Mo ní mi ò lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ gba tọ́wẹ́lì" lọ. Àfi ìgbà tí a fẹ́ sùn, tó ní, "Ọmọ yẹn ń sunkún lórí fóònù lánàá." Mo ní ọmọ wo. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbà fún ìyàwó mi, a jọ lọ sọ́dọ̀ Pakcik Din. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi tú àṣírí aládùúgbò wọn fún àjèjì.

Wọ́n ní, "Òun ló ní kí n sọ ọ́." Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ti tẹ̀ ẹ́ láago, wọ́n ní, ó sọ fún un pé bàbá ìyàwó òun ń bọ̀. Ó ní àṣà wọn ni, yóò wá ní jẹ́jẹ́, yóò sì máa bèèrè, ìtìjú ńlá ló sì máa jẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá jẹ́ kó mọ̀ pé a ti dá a mọ̀. Makcik Zahara wá lọ láti ilé dé ilé ní òpópónà náà. Ó ní, "Ohun tó bá bèèrè, ẹ sọ fún un. Tí kò bá bèèrè nípa ọmọ mi àgbà, ẹ sọ fún un náà. Ọ̀nà tó ti wá jìn, kó má lọ gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ délé."

Mo ní, "Ṣé gbogbo yín ló ti mọ̀ mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

Pakcik Din wo gíga mi, wọ́n wo ilà ojú mi, wọ́n wo ṣòkòtò péńpé mi. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, àdúgbò yìí ò tóbi."

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Àjà ló ń wò. Òun ló sọ fún Rafi kí a tó kúrò ní Peckham, Rafi sọ fún Hafiz; Rafi náà sì ni ọmọ tó ń sunkún lórí fóònù. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ibi tí mo lè gbé ìbínú náà kà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tèmi sì ti lé ní ọgbọ̀n. Ìyá mi ń lọ láti ilé dé ilé kí wọ́n lè bò ó, ìyá yìí ń lọ láti ilé dé ilé kí wọ́n lè tú u. Mo fẹ́ràn ìyá mi, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bó ṣe tì mí rí láyé mi lọ.

A sọdá. Makcik Zahara rí ojú mi, ó nu ọwọ́, ó sì pa iná ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Papa Rafi, ẹ jókòó." Ọmọ rẹ̀ àgbà gbé omi wá. Ó mọ ohun tí wọ́n ti sọ fún mi. Mo gba omi náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ mi kan àyà bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Mo wá yíjú sí ìyàwó mi, mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Kọ̀tọ́nù ò dé Kọ̀tọ́nù rí. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà nígbà tí àwọn èèyàn yín wá. Olè ni wọ́n jà. Ìyá mi ló bẹ gbogbo àdúgbò kí wọ́n má sọ ọ́."

Ó fi ìka yí ẹ̀pà kan tó jábọ́ sórí tábìlì po. Ó wá ní, "Tí wọ́n bá sọ fún bàbá mi nígbà yẹn, wọn ò ní fi mí fún yín."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Rafi ì bá má sí." Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Inú ń bí mi o, Bàbá Rafi. Tí a bá délé, màá bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fọ abọ́ yìí, ẹ ò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ba ayé ọmọ mi jẹ́."

Makcik Zahara ń wò wá láti ojú dé ojú. Ó bi ìyàwó mi pé kí ni mo sọ.

Ìyàwó mi ní, "Ó ní òun gbà."

Obìnrin náà jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó fi híjáàbù nu ojú. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun máa wá sí London lẹ́yìn ààwẹ̀ láti wá tọrọ Rafi nílé bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wá wo èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ti béèrè nípa wa. Tí mo bá dé Peckham, ta ni mo lè bi nípa yín?"

Mo fẹ́ sọ ti Lásísì fún un níbẹ̀. Ìyá Rafi fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Kí àwọn èèyàn wa sọ ọ́ fún un, bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún wa."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Peckham, ẹ̀yin tí à ń jọ kírun, ẹ̀yin tí à ń jọ ná ọjà, obìnrin kúkurú kan máa wá sáàárín yín. Ohun tó bá bi yín nípa mi, ẹ dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un pé mo máa ń tètè bínú. Tí kò bá sì bèèrè nípa ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún un náà.